Òdòdó Tó Là Tán Kì í Dúró Nínú Ife

Ẹ má bi mí léèrè ìtànná igi sakura àwọn ará ìlú ńlá. Èmi ò rí tiwọn rò. Wọ́n á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọ́n á mutí, wọ́n á máa kọ orin tí kò dùn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí òjò kan bá rọ̀, ó parí. Wọ́n á ká ẹní wọn, wọ́n á ní, "Ó mà ti tán o, ayé ò tó nǹkan," wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tí tiwọn bá parí ni tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè Tanzawa níbí. Igi tiwa yàtọ̀. Ewé òdòdó rẹ̀ pọ̀, wọ́n wà lórí ara wọn bí ìgbà tí èèyàn wọ aṣọ mẹ́ta, ó sì pọ́n ju ti ìlú lọ. Òun ló ń kẹ́yìn gbogbo sakura. Tí tiwa bá ti bọ́ sílẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn.

Àwa kì í jókòó wò ó. Jíjá là ń já a. A ń fi iyọ̀ àti omi èso kíkan tẹ̀ ẹ́ sínú àgbá, a ń gbé òkúta lé e, a ń sá a níbòji, a tún ń fi iyọ̀ mìíràn bò ó. Ó lè pé ọdún méjì kó má bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí ìdílé méjì bá fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nítorí àwọn ọmọ tó fẹ́ fẹ́ra, a kì í gbé tíì fún àlejò, torí tíì là ń mu nílé òkú. Òdòdó oníyọ̀ yìí là ń fi sínú ife, a ó da omi gbígbóná lé e, òdòdó tó ti sùn láti èṣí á sì dìde, á ṣí díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Mo ti rí i ju igba ìgbà lọ, ó ṣì máa ń mú mi dákẹ́, èmi tí ẹnu mi kì í sinmi.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ lábúlé wa. Òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là là ń já. Èyí tó bá ti là tán, fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Bí o bá já a, kódà kó o fi gbogbo iyọ̀ inú òkun pa á mọ́, ọjọ́ tí omi gbígbóná bá kàn án ni yóò tú. Ewé rẹ̀ á já lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa léfòó káàkiri ojú omi. Ta ló fẹ́ rí irú ìyẹn nínú ife ìyàwó àfẹ́sọ́nà? Mo mọ ìdílé kan tí wọ́n dìde láì fọwọ́ kan oúnjẹ nítorí rẹ̀. Ẹ lè ní ìgbàgbọ́ asán ni. Ẹ lọ sọ fún ìyá ọkọ.

Nínú gbogbo àwọn tó ń já òdòdó yìí, kò sí irú Tomeyo. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Ó kéré, ó gbẹ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ọdún márùndínlọ́gọ́ta ló ti ń gun àkàsọ̀. Èmi Yonezo, aládùúgbò rẹ̀, ni mo ń di àkàsọ̀ náà mú fún un láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni èmi náà, àmọ́ tí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń pè mí, ẹ ó rò pé àná ni wọ́n gbọ́mú lẹ́nu mi.

"Yonezo! Ṣé o di àkàsọ̀ yìí mú ni, àbí ò ń bá a jó?"

"Mo dì í mú, ẹ̀gbọ́n."

"Dì í mú dáadáa o. Tí mo bá ṣubú, orí ẹ ni mo máa bà lé."

Bó ṣe ń já a, àfi kẹ́ ẹ rí i. Kì í wo òdòdó lẹ́ẹ̀mejì. Ìka méjì ló ń fi bọ abẹ́ rẹ̀, á fún ìdí rẹ̀ pọ̀, pọ́, ó ti wà nínú agbọ̀n tó so mọ́ ìbàdí. Agbọ̀n rẹ̀ ni àwọn oníbàárà máa ń béèrè kí wọ́n tó béèrè ti ẹnikẹ́ni. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fi pamọ́. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yin ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró.

Chizuru, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ báyìí. Ọmọ apẹja ni, etí òkun ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Ọdún tó wọlé, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, òun náà gun àkàsọ̀, ó já agbọ̀n kan, ó gbé e wá fún ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Tomeyo kó ọwọ́ bọ inú agbọ̀n, ó rò ó wò, ló bá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wa. Ó ní, "Ṣé ẹja lo rò pé ò ń kó ni? Ọwọ́ ẹ ò dáa fún igi. Lọ sídìí iyọ̀." Láti ọjọ́ náà, Chizuru ò fẹsẹ̀ kan àkàsọ̀ mọ́. Ilé iyọ̀ ló ń wà. Ó ń fọ àgbá, ó ń gbé òkúta, kò sì sọ̀rọ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ojú ń tì mí títí dòní.

Ọdún yìí wá dé, ọ̀rọ̀ ayọ̀ sì wọlé. Honoka, ọmọ Chizuru, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Yokohama, rí ọkọ. Ryohei lorúkọ ọmọkùnrin náà. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹrin ni wọ́n dá pé àwọn òbí rẹ̀ yóò wá mọ ilé. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àfi ìyá ọkọ, Ìyáàfin Kusakabe. Àkọ́bí obìnrin náà ti ní àfẹ́sọ́nà nígbà kan rí, wọ́n ti pín ìwé ìpè káàkiri kí ọ̀rọ̀ náà tó dàrú. Láti ìgbà yẹn, gbogbo nǹkan ló ń kà sí àmì. Bí okùn bàtà bá já, àmì ni. Bí ẹyẹ ìwò bá ké, àmì ni. Honoka pe ìyá àgbà rẹ̀ lórí fóònù, èmi náà wà níjòkòó, mo ń gbọ́.

"Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ohun gbogbo lọ bó ṣe yẹ o. Tí nǹkan kékeré bá ṣẹlẹ̀, ìyá Ryohei máa ní ká dá a dúró ni."

Tomeyo bú sẹ́rìn-ín. "Kó máa bọ̀! Òdòdó tó máa wà nínú ife ẹ, ọwọ́ ara mi ni mo fi já a, ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ó ti wà nínú ìkòkò nínú yàrá mi láti èṣí. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kó wá fi ojú ara ẹ̀ rí òdòdó."

Ọ̀rọ̀ dára. Inú mi dùn sí i.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, mo gbé agbọ̀n Tomeyo lọ sí ilé iyọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń gbé e kalẹ̀ sí, ṣùgbọ́n òjò ń kán lọ́jọ́ náà, mo bá gbé e wọlé. Mo bá Chizuru níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó ń ṣa òdòdó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òkìtì kan wà nínú àwo, òkìtì kan wà nílẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó fi épírọ́ọ̀nù rẹ̀ bo èyí tó wà nílẹ̀. Mo ká épírọ́ọ̀nù náà kúrò. Òdòdó tó ti là tán ni gbogbo rẹ̀, ó sì pọ̀ ju èyí tó wà nínú àwo lọ.

"Ta ló já ìdọ̀tí yìí?" ni mo wí.

Chizuru ò gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ di àkàsọ̀ mú, bàbá. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ sọ fún mi."

Háà! Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ṣinṣin. Mo jókòó sórí àgbá kan. Ó wá sọ fún mi. Ọdún kẹta rèé. Nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyin ojú Tomeyo méjèèjì, kò jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, kò sì gbà pé ohunkóhun ṣe òun. Ìka ló fi ń já òdòdó báyìí, ìka náà sì ti ń tàn án jẹ. Èmi rèé lábẹ́ rẹ̀, mò ń wo ẹsẹ̀ àkàsọ̀, mò ń wo bàtà rẹ̀. Mi ò wo ọwọ́ rẹ̀ rí. Ta ló máa ń wo ọwọ́ Tomeyo?

"Gbogbo èyí tí ò ń yọ dànù yìí, báwo ni agbọ̀n ṣe ń kún padà?"

"Mo máa ń jí ní ìdájí lọ sídìí àwọn igi ẹ̀yìn òkè. Mo máa ń já tèmi kí ìyá tó jí."

"Ìwọ? Lórí àkàsọ̀? Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá fúnra wọn ni. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo lé yín lórí."

Mo rẹ́rìn-ín, ojú mi sì ń ṣe omi. Òdòdó tí àwọn oníbàárà ti ń yìn láti ọdún mẹ́ta, tí Tomeyo ti ń fi yangàn kiri abúlé, ọwọ́ obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ da agbọ̀n rẹ̀ nù ló ti wá.

Ṣùgbọ́n Chizuru ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìkòkò inú yàrá yẹn ni kò jẹ́ kí òun sùn. Òun ò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Tí òdòdó inú rẹ̀ bá tú nínú ife lójú Ìyáàfin Kusakabe, ó ti parí fún Honoka. Ó ní kí n ran òun lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tí jíjá yóò parí, kí n dá Tomeyo dúró lórí igi fún ìdajì wákàtí péré, kí òun ráyè kó ti inú ìkòkò náà dà, kí òun sì fi tòun sí i.

"Irọ́ nìyẹn, Chizuru."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní òótọ́ tó sàn jù ú lọ lọ́wọ́ ni?"

Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti òru, òdòdó sì ń bọ́. Ilẹ̀ pupa lọ títí dé etí odò. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ẹ ó ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni, ó ti ń lọ. Mo máa ń bínú sí àwọn tó ń kọrin arò nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo ń wo ẹsẹ̀ Tomeyo lórí ìgbésẹ̀ keje, ó tín-ín-rín nínú ṣòkòtò iṣẹ́, mo sì rí i pé ó ń wá ibi tó máa tẹ̀ sí. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Obìnrin yìí ti ń sáré gun igi nígbà tí mo ṣì ń jí èso pílọ́ọ̀mù wọn kó. Mo fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Mi ò sì fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ láéláé.

"Yonezo, ṣé ó ń bọ́ púpọ̀?" ló bi mí láti òkè.

"Ó ń bọ́ gan-an, ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀. Ó ń kàn mí lójú." Ló bá tún bẹ̀rẹ̀. "Tí mo bá kú, ta ló máa ṣe iṣẹ́ yìí? Ojú ni iṣẹ́ yìí gbà, Yonezo. Ojú! Chizuru ò ní i. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ti wà nílé mi, kò lè mọ èyí tó ń là yàtọ̀ sí èyí tó ti là. Ojú ẹ̀ ò ríran."

Bó ṣe ń sọ ọ́, ó já òdòdó kan. Òdòdó náà ti là débi pé ìdajì ewé rẹ̀ já bọ́ lé mi níwájú orí. Ó sọ ìyókù sínú agbọ̀n, ó ń mi orí nítorí Chizuru.

Mo mọ ohun tí mo ṣèlérí. Mo mọ̀ pé Chizuru wà nínú yàrá Tomeyo lákòókò náà. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Ẹ má béèrè ìdí tí ahọ́n fi máa ń ṣáájú ọgbọ́n lẹ́nu irú wa.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ já yẹn ti là tán."

"Èwo?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ báyìí. Àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Àti èyí tó pọ̀ jù nínú agbọ̀n yín."

Tomeyo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Mo na ọwọ́ láti gbà á, ó gbá ọwọ́ mi dànù.

"Ìwọ Yonezo. Ìwọ tí o ò lè mọ ìdí òdòdó yàtọ̀ sí ìdí ata. Wá. Máa bọ̀ wá wò ó nílé mi."

Ó ń lọ, mò ń tẹ̀ lé e, mò ń bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó mọ ọ̀nà náà láì fojú wò ó. Ó bọ́ bàtà, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó sì bá Chizuru lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́, ọmọrí rẹ̀ wà nílẹ̀, kò tíì dà á.

Tomeyo ò bi í léèrè. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bu omi gbígbóná wá. Gbé ife mẹ́ta wá."

Chizuru gbé e wá. Ọwọ́ Tomeyo fúnra rẹ̀ ló mú òdòdó mẹ́ta nínú ìkòkò, ó gbọn iyọ̀ rẹ̀ kúrò, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife. Chizuru da omi lé e. Ti àkọ́kọ́ tú. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì dúró díẹ̀, òun náà bá tú. Ẹ̀kẹta, kí omi tó dé ìdajì ló ti fọ́nká.

"Ṣé ó dìde?" ni Tomeyo béèrè.

Ó wá gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ife tó fi jẹ́ pé imú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan omi. Kò rí i síbẹ̀. Ló bá ti ìka méjì bọ inú omi gbígbóná náà, ó ń fi wá a kiri. Mo rí i nígbà tí ewé òdòdó kan lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀, tí òmíràn tún lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń fi àtàǹpàkò rà wọ́n títí. Omi náà ń jó o, kò yọ ọwọ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́ta, ìyá," ni Chizuru wí. Ó ti ń sunkún.

"Èyí tí àwọn oníbàárà ń rà?"

"Èmi ni mo ń já a, ìyá. Ẹ má bínú."

Tomeyo nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀. "Ó ti tó. Ẹ jáde, ẹ̀yin méjèèjì." Ó fa ilẹ̀kùn dé.

Kò jáde lọ́jọ́ náà. Kò jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìrẹsì tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e kúrò. Ọmọ rẹ̀, ọkọ Chizuru, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà fún wákàtí kan, ó tún dìde. Honoka dé láti Yokohama lọ́sàn-án, ó kúnlẹ̀ níbẹ̀.

"Màmá àgbà, tẹ́ ẹ ò bá jáde, mo máa pè wọ́n pé kí wọ́n má wá mọ́. Mi ò lè ṣe é láìsí yín."

Ilẹ̀kùn ò ṣí. Ọmọ náà ò pe ẹnikẹ́ni, ó kàn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

Èmi? Mo lọ sídìí igi, mo gbé àkàsọ̀ lé èjìká, mo tún gbé e kalẹ̀. Mo bú ara mi dáadáa. Ká ní mo ti pa ẹnu mi dé ni, òdòdó Chizuru ì bá wà nínú ìkòkò, Tomeyo ì bá gbé e jáde tayọ̀tayọ̀, yóò máa yangàn, gbogbo wa ì bá jẹun yó. Kí ni òótọ́ ọ̀rọ̀ wúlò fún fún ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin? Mo ronú rẹ̀ títí ojú ọjọ́ fi ń ṣú. Gbogbo wa là ń sọ pé kò sí ohun tí kì í lópin, a sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ọjọ́ tó bá kan ọwọ́ ara wa, tó kan ojú ara wa, kò sẹ́ni tó ń ṣe ewì.

Ọjọ́ Àìkú, aago mọ́kànlá, ọkọ̀ àwọn Kusakabe dúró níwájú ilé. Wọ́n ní kí èmi náà wá jókòó, torí èmi ni mo dà bí ẹbí. Ìyáàfin Kusakabe wọ aṣọ kìmónò aláwọ̀ eérú, ó rìn jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ sì ń lọ sórí nǹkan gbogbo: òrùlé, bàtà, ìjókòó. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi kan ìtìmùtìmù kan tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé.

"Ìyá àgbà ńkọ́?"

Chizuru ya ẹnu. "Ara ìyá ò fi bẹ́ẹ̀..."

Ilẹ̀kùn ṣí. Tomeyo dúró síbẹ̀ nínú kìmónò dúdú rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú. Ọwọ́ kejì, ìkòkò ló gbé. Ìkòkò yẹn kan náà. Mo ní, Yonezo, o ti ba ilé onílé jẹ́, obìnrin yìí fẹ́ fi agídí pa ọmọ ara rẹ̀ lẹ́kún.

Ó jókòó, ó forí balẹ̀ fún àlejò, ó kí wọn bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ibi tí ohùn Chizuru ti wá.

"Chizuru, gbé tìẹ wá."

"Èwo, ìyá?"

"Èyí tó o máa ń dìde lọ já ní ìdájí. Fi sínú ife gbogbo wọn. Tèmi, mo máa fúnra mi ṣe é."

Chizuru gbé e wá, ó pín in. Tomeyo mú ẹyọ kan látinú ìkòkò rẹ̀, ó fi sínú ife ara rẹ̀. Chizuru da omi yí wọn ká. Nínú ife Honoka, òdòdó dìde. Nínú ti Ryohei, ó dìde. Nínú ti ìyá rẹ̀, ó ṣí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dúró gbọingbọin lórí ìdí rẹ̀, ó sì lẹ́wà. Nínú ife Tomeyo, ó tú ká.

Ìyáàfin Kusakabe rí i. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá àgbà, tiyín ti tú."

"Mo mọ̀," ni Tomeyo wí. "Èmi ni mo já a. Ojú mi ò ríran mọ́, mo sì kọ̀, mi ò gbà. Mo já èyí tó ti là tán, mò ń pè é ní èyí tó ń là. Èyí tó wà níwájú ẹ̀yin àti àwọn ọmọ, ìyàwó ọmọ mi ló já a. Nígbà tó kọ́kọ́ wọlé yìí, mo da agbọ̀n ẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mo ní ọwọ́ ẹ̀ ò dáa. Òun ló ti ń bo ìtìjú mi láti ọdún mẹ́ta. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀. Iwájú àlejò ni mo ti fẹ́ sọ ọ́, torí mo mọ ara mi. Tó bá ṣe àwa nìkan ni, mo máa yí i padà tó bá dọ̀la."

Chizuru fi ọwọ́ bojú. Èmi ò lè wo ẹnikẹ́ni, àjà ni mò ń wò.

Ìyáàfin Kusakabe wo ife tiẹ̀, ó wo ti Tomeyo, ó wo Chizuru tó ń sunkún. Ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Èyí tó tú yẹn, ṣé ó ṣeé mu?"

"Òórùn ẹ̀ gan-an ló dùn jù. Ó ti rí gbogbo oòrùn tó yẹ kó rí." Tomeyo gbé ife sẹ́nu, ó mu ún tewé-tomi, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Obìnrin náà gbé tiẹ̀ pẹ̀lú, ó mu ún. Nígbà tó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Àmì ni mo máa ń wá kiri, wọ́n á ti sọ fún yín. Ọmọ tó bá ti inú irú ilé báyìí jáde, mo fẹ́ ẹ fún ọmọ mi." Ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀. Honoka bú sẹ́kún, àwa yòókù bú sẹ́rìn-ín, Tomeyo sì ní kí wọ́n gbé ẹja wá kó tó tutù, pé ebi ọjọ́ méjì ń pa òun.

Igi kan ṣoṣo ló kù lọ́jọ́ Ajé, èyí tó wà lókè pátápátá níbi tí òtútù ti pọ̀, òun ló máa ń là kẹ́yìn. Mo gbé àkàsọ̀ lọ síbẹ̀. Chizuru ti so agbọ̀n mọ́ ìbàdí, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo abúlé. Mo fẹ́ di àkàsọ̀ mú fún un bí iṣẹ́ mi, ni ìgbọ̀nwọ́ kan bá gún mi níhà.

"Sún síbẹ̀," ni Tomeyo wí. "Ìwọ ò mọ̀ ọ́n dì mú. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi fara dà á."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí èmi wá máa ṣe?"

"Lọ bá mi pe oníṣègùn ojú. Kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ yìí lọ. Àmọ́ dúró ná, ká parí ti òní."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àkàsọ̀ mú, ó fẹsẹ̀ tì í nídìí. Chizuru gòkè, ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, ìkejì, títí dé ìkeje. Ó nawọ́ sí ẹ̀ka kan, ọwọ́ rẹ̀ bá dúró lófuurufú. Ó bojú wo ìsàlẹ̀.

"Ìyá, èyí ńkọ́? Ṣé kí n já a?"

Tomeyo gbójú sókè sí ibi tí òun ò lè rí.

"Ìwọ lo wà lókè," ló wí. "Ìwọ ni kó o sọ fún mi."

Chizuru tún wo òdòdó náà. Ó já a.